Ilẹ̀ Tí Pánla Ti Ń Wá

 

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan nínú ìjọ wa ní Súrùlérè dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Opó ni, ẹja gbígbẹ ló sì ń tà ní ọjà Ojúwoyè ní Mushin. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi fi àdúrà sí i. Ọmọ mi ti rí yunifásítì wọ̀ ní Nọ́wè. Mo fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa." Ìwé ilẹ̀ náà wà nínú báàgì tó gbé dání. Mo bi í pé, "Màmá, apá ibo láyé ni Nọ́wè wà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìlú òyìnbó ni, sà."

Mo ní kí ó jókòó. Mósè pàápàá rán ọkùnrin 12 lọ wo bí ilẹ̀ Kénáánì ṣe rí kí àwọn èèyàn tó ṣí lọ síbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ìyá yìí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí ó ju ìyá kan lọ nínú wa tó ń ta nǹkan kí ọmọ lè lọ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti ń ta ọjà Nọ́wè láti ọdún tí ẹ ti wà ní Ojúwoyè." Pánla gbígbẹ tó le bí igi yìí, tí àwọn ará wa láti ilẹ̀ Ìgbò ń pè ní okporoko, Nọ́wè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Iceland náà ń kó tiwọn wá. Ẹnu yà á. Ó ti rò pé Cotonou ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ilẹ̀ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Nọ́wè. Òkè pátápátá ní àríwá Yúróòpù ló wà, Swídìn bá a pààlà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkun wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá pín Nàìjíríà sí mẹ́ta, bí ìdá kan ni ó rí. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀ lọ, wọn kò tó èrò Èkó. Òkúta àti òkè ló pọ̀ jù. Bí a bá pín ilẹ̀ náà sí 100, bíi mẹ́ta péré ló ṣe é dáko sí. Òkun wọ àárín àwọn òkè náà lọ jìnnà réré, wọ́n ń pe irú ibẹ̀ ní fjord. Èyí tó gùn jù, Sognefjord, wọ inú ilẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ, bí ìgbà tí èèyàn gbéra ní Èkó tó sì kọjá Ìbàdàn dáadáa. Jíjìn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ju 1,300 mítà lọ.

Ní ìlú Tromsø lápá àríwá, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní. Tó bá wá di ìparí oṣù karùn-ún, yóò tún yọ tí kò ní wọ̀ fún oṣù méjì gbáko. Mi ò mọ bí àwọn tiwọn ṣe ń mọ̀ pé ìṣọ́ òru ti parí!

Síbẹ̀, òkun ibẹ̀ kì í di yìnyín, nítorí omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kan ń ṣàn gba inú Àtìláńtíkì wá sí etíkun wọn. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, ẹja kọ́ọ̀dù máa ń wá láti òkun Barents sí àwọn erékùṣù Lofoten láti yé ẹyin. Àwọn apẹja á kó wọn, wọ́n á gé orí wọn, wọ́n á so wọ́n ní méjì-méjì ní ìrù, wọ́n á sì fi wọ́n kọ́ orí àwọn igi gbọọrọ tí wọ́n tò síta gbangba. Kò sí iyọ̀, kò sí iná, kò sí èéfín. Afẹ́fẹ́ àti òtútù ni yóò gbẹ ẹ títí di oṣù karùn-ún. Bí òtútù bá pọ̀ jù, ẹja á bàjẹ́. Bí ooru bá tètè dé, eṣinṣin á bò ó. Òtútù tí ìyá yìí ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀, òun náà ló ń gbẹ ọjà rẹ̀.

Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ló sábà máa ń gé ahọ́n ẹja náà, owó rẹ̀ sì jẹ́ tiwọn. (Ẹ̀yin òbí tó rò pé ọmọ òyìnbó kì í ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ o.) Ẹran ara ẹja tó dára jù, Ítálì ni wọ́n ń kó o lọ, láti ìgbà tí ọkọ̀ oníṣòwò ará Venice kan, Pietro Querini, ti rì tí àwọn apẹja erékùṣù Røst sì gbà á sílé ní 1432. Orí rẹ̀ ni púpọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ogun abẹ́lé, láàárín 1968 sí 1970, àwọn ìjọ ilẹ̀ Nọ́wè, Dẹ́nmárkì, Swídìn àti Finland para pọ̀ ṣe ẹgbẹ́ Nordchurchaid, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ láti São Tomé lọ sí Uli lóru. Pánla wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi gba ẹ̀mí àwọn ọmọ tí ebi ti wú nínú là.

Ṣùgbọ́n kí á má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn ni a ń pè ní Viking. Irú wọn ló kó ọkọ̀ ja ilé àwọn mọ́ńkì ní Lindisfarne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 793. Ọba Olav, tó fi idà mú ọ̀pọ̀ wọn gba ìgbàgbọ́ (mi ò yìn ín fún un), kú sójú ogun ní Stiklestad ní 1030. Nígbà tí Nọ́wè wà lábẹ́ ọba Dẹ́nmárkì, wọ́n ní odi ní Accra, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ kó ẹrú. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn, Fredensborg, kó àwọn èèyàn wa sọdá lọ tà ní erékùṣù St. Croix. Nígbà tó ń padà lọ sílé ní 1768, ó rì lẹ́bàá Arendal ní Nọ́wè. Ní 1974 ni àwọn òmùwẹ̀ rí i, eyín erin ṣì wà nínú rẹ̀.

Òṣì sì ti ta wọ́n rí. Láàárín 1825 sí 1925, nǹkan bí 800,000 nínú wọn fi oko baba wọn sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1905 ni wọ́n tó dá dúró kúrò lábẹ́ Swídìn. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Ekofisk ní 1969. Àwa ti rí tiwa ní Oloibiri láti 1956. Ní 1990 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa tọ́jú owó epo fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, ní 1996 wọ́n fi owó àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé Èkó mọ ìyókù.

Ọmọ tó bá ń lọ, kí ó mọ̀ pé wọn kì í sábà bá àlejò sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìkórìíra. Orúkọ ni wọ́n fi ń pe olùkọ́ wọn. Tó bá di 17 oṣù karùn-ún, àyájọ́ òfin ilẹ̀ wọn ti 1814, àwọn ọmọdé ni í tò rìn ní ìgboro. Ẹni tó bá ní ìdílé, kí ó gbọ́ dáadáa: òfin wọn ti 1987 kò fàyè gba òbí láti na ọmọ, ìjọba sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ní ti ìjọsìn, kò ní ṣe àjèjì: Pásítọ̀ T. B. Barratt gbé iná Pẹ́ńtíkọ́sì dé Oslo ní ìparí 1906, láti ibẹ̀ ló ti ràn dé Swídìn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo wá dé ibi tí ó le. Tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yunifásítì ìjọba wọn fún gbogbo àlejò. Láti 2023, ọmọ tó bá ti ilẹ̀ tí kò sí ní Yúróòpù wá gbọ́dọ̀ sanwó, owó ńlá sì ni, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ àti ilé tí yóò fi hàn pé ó wà lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó fún un ní físà. Ìyá náà dákẹ́. Ó ní, "Ọmọ náà sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni." Mo ní kí ó mú un wá ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí á jọ ka lẹ́tà ilé ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún kan ni ilẹ̀ yẹn yóò san, mo bẹ̀rù ohun tí yóò san ọdún kejì.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, "Pásítọ̀, ṣé àwọn tó ń ṣe pánla yìí ń jẹ orí rẹ̀?" Mo ní wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ó mi orí, ó ní, "Wọn ò mọ nǹkan tó dùn." Ó pa báàgì rẹ̀ dé, ìwé ilẹ̀ náà ṣì wà nínú rẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.