Owó Ìtanràn Lórí Èdè Ìyá

Ẹ̀yin olùkọ́ni ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀ràn kan ń bẹ tí mo fẹ́ bá yín sọ láìfi bọpo bọyọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa láti Òṣogbo dé Iléṣà, ọmọ tí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ a máa san owó ìtanràn, tàbí kí a fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, tàbí kí a nà án. Àwọn kan nínú yín ni ń gba owó náà. Èmi wí pé ìwà náà burú, kò sì bá ìtàn Ìjọ wa mu. Ohun tí ogun àti ìjọba Òyìnbó kò rí gbà lọ́wọ́ Ìjẹ̀ṣà ni àwa ń fi ọwọ́ ara wa gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ rántí ohun tí ojú Ìjẹ̀ṣà ti rí. Ní ọdún 1870, ogun Ìbàdàn kó Iléṣà; a kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ajẹ́lẹ̀ sì jókòó lé ilẹ̀ náà lórí. Ṣáájú èyí ni a ti ń tà wọ́n kọjá òkun. Àwọn kan dé Bràsíìlì. Àwọn mìíràn, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, gúnlẹ̀ sí Sàró. Ẹni tí ó bá wo irú ìfọ́nká báyìí yóò rò pé orúkọ Ìjẹ̀ṣà ti tán láyé. Kò tán. Àwọn tí ó ti Sàró àti Bràsíìlì padà wá sí Èkó kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn ará Èkìtì, wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn tí ń jà nílé. Kí ni ó so wọ́n pọ̀? Kì í ṣe orúkọ, nítorí Meffre àti Haastrup ni à ń pe àwọn aṣíwájú wọn. Èmi gbà pé ahọ́n ni: ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu ẹnìkejì rẹ̀ ní ọjà Èkó mọ̀ lójú kan náà pé ọmọ ilé òun nìyí.

Ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé ṣe balógun rẹ̀ fún Èkìtì Parapọ̀, ni ó bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò. A fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ta ni Gómìnà Èkó rán lọ làjà? Àlùfáà méjì ti Ìjọ wa ni, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ọmọ Yorùbá àwọn méjèèjì. Ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó wọn ká. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Òyìnbó mú Ògèdèǹgbé tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ìwó. Síbẹ̀, ní ọdún 1896, Frederick Kumokun Haastrup, Kristẹni, gorí ìtẹ́ Ọwá Obòkun, a sì pè é ní Ajímokò Kìíní. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di àjèjì nílé baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tan ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí ayé sì sọ wọ́n ni Òṣómàáló: ẹni tí ó wí pé òun yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí òun yóò fi gba owó òun. Gbólóhùn kan láti ẹnu Ìjẹ̀ṣà ni ó di orúkọ iṣẹ́ wọn. Ọmọ ọmọ Òṣómàáló ni a ń gba ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí nítorí pé ó sọ̀rọ̀ bí baba ńlá rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé Ìjọ wa kórìíra Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni, èmi ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1843 ni a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1884 ni odidi Bíbélì jáde ní Yorùbá. Lóòótọ́, èdè Ọ̀yọ́ ni ó gba ipò iwájú nínú ìwé wọ̀nyí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ní láti yí ahọ́n padà díẹ̀ kí ó tó kà wọ́n. (Èyí nìkan tó ẹ̀kọ́ fún un, kò yẹ kí a tún wá fi ìtanràn kún un.) Àwọn míṣọ́nnárì kọ́ èdè wa kí wọ́n tó lè wàásù fún wa. Àwa tí a bí sínú èdè náà ni a ń lé e jáde kúrò nílé-ẹ̀kọ́ wọn!

Òṣogbo pẹ̀lú ní ẹ̀rí tirẹ̀. Dúró Ládiípọ̀, tí a bí ní 1931, ọmọ katikíìsì ni. Nígbà Àjíǹde ọdún 1961 ó kọ orin fún ìsìn, ó sì mú ìlù Yorùbá wọ inú ilé Ọlọ́run. Àwọn àgbà ìjọ bínú, wọ́n ní ìlù kèfèrí ni. Ó gbé ìlù rẹ̀, ó bá ọ̀nà mìíràn lọ: ó dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, ó gbé eré Ọba Kò So jáde ní 1963, ní 1964 ó sì ti gbé e dé Berlin ní Jámánì, níbi tí Òyìnbó ti pàtẹ́wọ́ fún un. Katikíìsì ni èmi náà, n kò sì lè ka ìtàn yìí láìro ohun tí Ìjọ ìbá ti jèrè lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ìlù ń dún nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì sí ẹni tí ó sọ wá di kèfèrí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé òkèèrè díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Freetown ní Sàró ni Crowther ti kàwé. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó lé ní 1,100, tí wọ́n wọ ọkọ̀ láti Nova Scotia, ní ilẹ̀ tí í ṣe Kánádà nísinsin yìí, ni ó tẹ Freetown dó ní ọdún 1792. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ Nova Scotia yẹn kí Òyìnbó tó dé ni à ń pè ní Mi'kmaq. A ti ìrìbọmi fún Membertou, olóyè wọn, ní ọdún 1610. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kèfèrí ni a ń yí lọ́kàn padà nígbà tí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Shubenacadie ní 1930, tí a kó àwọn ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ òbí, tí a sì ń jẹ wọ́n níyà bí wọ́n bá sọ èdè wọn. Ọdún 1967 ni a tó tì í pa. Rita Joe, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó gbé ibẹ̀, dàgbà di akéwì, ó sì kéwì lórí èdè tí a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìjọ Àgùdà ni ó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n kí a má tètè nàka sí Àgùdà. Ìjọ Áńgílíkà Kánádà ní irú rẹ̀ níbòmíràn, olórí wọn sì tọrọ àforíjì ní gbangba ní ọdún 1993. Ní ti àwọn Mi'kmaq, láti ọdún 1997 ni wọ́n ti gba àkóso ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Nova Scotia padà, ní 2022 sì ni òfin ìpínlẹ̀ náà gbà pé èdè wọn ni èdè àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà. Ohun tí àwọn ń fi omijé kó jọ ni àwa ń dà nù, láìsí Òyìnbó kankan tí ó dúró tì wá.

Mo mọ èsì tí àwọn ẹlòmíràn ti di sẹ́nu: pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, pé òbí ni ó ń fẹ́ ẹ. Èmi kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ wa tí kò jìnnà sí Iléṣà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Mínísítà tí ó kéde rẹ̀ sọ pé ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kí ó tó lè múlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní èdè ìyá ni ó ń mú kí ọmọ kùnà nínú ìdánwò. Ìlànà tí a kò tíì pèsè ìwé fún, báwo ni ó ṣe tètè ba ìdánwò jẹ́?

Ìjọba lè pàṣẹ èdè tí a ó fi kọ́ ìṣirò. Kò pàṣẹ pé kí a gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí ó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá lábẹ́ igi máńgòrò. Àwa ni a ṣe òfin yẹn, àwa ni a sì lè wọ́gi lé e kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ yọ pátákó náà kúrò lára ògiri. Ẹ fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ìtàn Iléṣà àti Òṣogbo, kí ẹ sì pe àgbà kan láti inú ìjọ wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Owó ìtanràn tí ó ti wà nínú àpótí ńkọ́? Ẹ fi ra ìwé Yorùbá fún kíláàsì kẹta, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó san án ni yóò kọ́kọ́ kà á.