Kí Tírélà Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Kó Àwọn Ọmọ Lọ Sétí Adágún

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dópin.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa. Òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sétí omi ńlá kan, iná igi ń jó níwájú wọn, ilé funfun kékeré kan tó ní táyà lẹ́sẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn. Ó ní tírélà ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa ńbí, béèyàn bá dárúkọ tírélà, èyí tó ń kó símẹ́ǹtì àti màlúù ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Tiwọn yàtọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ló ń fà á lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fíríìjì kékeré wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Texas tó wà létí adágún Livingston. Wọ́n ti fi íntánẹ́ẹ̀tì gba àyè sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n san owó alẹ́ méjì, wọ́n fi àyè tiwọn hàn wọ́n, ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè fa iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì nírọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n kẹ́rù padà sílé.

Àwa tá a rí fọ́tò náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹni tó ra ilé ńlá sí Houston, kí ló ń wá nínú igbó?" Ìyá wa kan tiẹ̀ béèrè bóyá onílé ló lé wọn jáde. Gbogbo wa la jọ rẹ́rìn-ín, a ò purọ́. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wa. Ó ní: "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò ní Jos tí wọ́n bí mi sí. Kò sẹ́ni tó mú mi dé etí omi Lamingo rí. Àwọn ọmọ tèmi ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà wá, torí òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òpin ọ̀sẹ̀ wa ṣe máa ń rí. Láàárọ̀ Sátidé, bàbá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá ti wà lọ́jà tàbí níbi òkú, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó. Aṣọ ẹbí ti oṣù yìí kò tíì gbẹ lára tí ti oṣù tó ń bọ̀ fi dé. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì di aago méjì ọ̀sán, àwọn mìíràn wà níbi àsálátù, lẹ́yìn náà ló kan ìpàdé ọmọ ìlú. Nígbà tá a bá wọlé lálẹ́, ọmọ ti sùn. Bí kò bá sì sùn, orí fóònù ló wà. Ká má tíì sọ ti ilé tí à ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìkìrun, tí a máa ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí aláǹgbá sì jẹ́ ayálégbé ibẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A mọ òwe náà, a máa ń pa á. Síbẹ̀, ìgbà wo la jókòó ti ọmọ fún odidi ọjọ́ kan tí a ò sọ pé a ń kánjú?

Kí ni a tiẹ̀ fi ilẹ̀ tí a ń gbé yìí ṣe? Tánganran ló sọ Jos di ìlú ńlá. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń ti Zaria wá sí Bukuru. Ní 1927, ọ̀nà ńlá láti Kafanchan dé Jos. Òwò tó bá iṣẹ́ kùsà àti ọkọ̀ ojú irin rìn yìí ló mú ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa wá síbí. Àwọn tó wa ilẹ̀ lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀, òjò sì kún inú kòtò náà di adágún. Ìdí nìyẹn tí omi fi pọ̀ káàkiri láti Rayfield títí dé Bukuru àti Barkin Ladi. Omi ìdídò tún wà ní Lamingo, lápá ibi tí àwọn òkè Shere wà. Ìlú wa ga ju ìpele òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fi tutù. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbádùn rẹ̀. Àwa tí a ń gbé àárín rẹ̀, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ilé ìjọsìn àti ọ̀nà gáréèjì tá a ti ń wọkọ̀ lọ sílé nìkan la mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, ìdílé márùn-ún nínú wa ní ká dán an wò. A ò ní tírélà tó ní bẹ́ẹ̀dì. Bọ́ọ̀sì kan àti mọ́tò méjì la ní, àti tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ọ̀kan nínú wa tó ń fi kánópì àti àga háyà fi ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sóde àríyá. Lọ́jọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ dúró sílé. Ẹní, bùláńkẹ́ẹ̀tì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tapólì, gáàsì kékeré, ìkòkò, omi mímu àti tọ́ọ̀ṣì la kó sí i. A háyà àyè níbi ìgbafẹ́ kan létí adágún, ibi tó ní ògiri, tó ní ọlọ́dẹ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ àti ìyá àgbà wa kan gba yàrá méjì. Àwa yòókù sùn sábẹ́ kánópì tí a fi tapólì yí ká. Òtútù Jos ò ṣeré lóru yẹn rárá!

A ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, a sè é pẹ̀lú Irish. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, bátìrì gbogbo fóònù ti kú, kò sì síbi tí wọ́n ti máa chájì. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ bojú jẹ́. Ni ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀ffà lọ́dún 1961, ìyàwó tuntun, àpótí kan lọ́wọ́, tó gba Kaduna àti Kafanchan kọjá, tó ń sunkún nítorí kò gbọ́ Hausa kankan. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan béèrè pé, "Màmá, ta ló wá pàdé yín ní téṣọ̀n?" Ìyá àgbà ní kò sẹ́nì kankan. Ọkọ òun rò pé ọjọ́ kejì ni òun ń bọ̀. Obìnrin Birom kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mú òun lọ sùn nílé tirẹ̀. Ọmọ tí ìyá àgbà bí nínú ara rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní òun ò gbọ́ ìtàn yìí rí láyé òun. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" Ìyá dáhùn pé, "Ìgbà wo lo jókòó?"

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ níbẹ̀.

A fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí tí kò dára náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin ń jiyàn lórí igi ìdáná, àwọn obìnrin ń din àkàrà, kálukú rò pé ẹlòmíràn ló ń wo ọmọ. Ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi láti mú bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ yọ̀, ó ṣubú. Bẹ́ẹ̀, adágún kòtò ìwakùsà kì í ṣe odò tó máa ń jìn díẹ̀díẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan péré, omi lè mu àgbàlagbà dé ọrùn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn lórí omi ló fo wọlé tó fi ẹ̀wù gbá a mú. Ọmọ náà ò mu omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní òun ò tún ní bá wa lọ mọ́. A ò bá a wí. Àwa gan-an la jẹ̀bi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa àgbà mẹ́wàá sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí á pa á tì látàrí èyí. A gbọ́, ṣùgbọ́n a ò gbà. Ọmọ tí a kò mú dé etí omi rí, ọjọ́ kan ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò yọ́ lọ fúnra wọn, lẹ́yìn ilé ìwé, láìsí àgbà kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àwọn kòtò yìí ṣe ń gbé ọmọ nìyẹn. Ó sàn kó jẹ́ pé ọwọ́ wa ni wọ́n ti kọ́ ìbẹ̀rù omi àti ọgbọ́n rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a fẹnu kò sí rèé. Ibi tó ní ẹ̀ṣọ́ tí àwọn èèyàn mọ̀ ni a ó máa lọ, kì í ṣe kòtò inú oko. Àgbà méjì ni yóò máa wo ọmọ nígbà gbogbo, wọn ò ní dáná, wọn ò ní tẹ fóònù, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a ó sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. A ò ní wẹ̀ nínú adágún, nítorí omi tó dúró sójú kan lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ìdọ̀tí tí a bá sì kó wá, àwa la ó kó o lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fa omi yẹn sí ọ̀gbìn kábéèjì àti tòmátò wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ẹrú wa.

Ní ti ààbò, a ò ní ṣe bíi pé a ò mọ ibi tí à ń gbé. Láti rògbòdìyàn 2001, títí dé ti 2008 àti 2010, àwọn àdúgbò kan wà tí ọmọ wa kì í dé. A máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ kí a tó lọ. Bí ìròyìn bá burú, a ó dúró sílé. Bí sísùn ò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ padà kí aago mẹ́rin tó lù. Ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù bá mú wa ti ilẹ̀kùn pa lójoojúmọ́, ọmọ wa ò ní mọ ọmọ onílẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ò sì ní mọ ọmọ wa, àfi lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Lọ́jọ́ tá a lọ yẹn, ọ̀sán kan péré, àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ Birom agbègbè náà ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìdílé ọ̀dọ́kùnrin tó yọ ọmọ wa lómi wá kí wa lọ́jọ́ Kérésì.

Owó ńkọ́? Nígbà tí a pín in, ohun tó kan ìdílé kọ̀ọ̀kan kò tó owó aṣọ ẹbí kan pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Kí olúkúlùkù wò ó nínú àpótí rẹ̀, kó ka aṣọ ẹbí tó wà níbẹ̀.

Ọmọ wa ní Houston ṣe dáadáa, kí Ọlọ́run bá a tún tírélà rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tiwa ò ní dúró de ìgbà tí a óò ra tírélà. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtàn wọn. Àwọn ọmọ náà ò ní dúró. Ẹni tó jẹ́ ọlọ́dún méjìlá lónìí, ọdún mẹ́fà péré ló kù kó gba fásitì lọ.

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dún yìí, a ó tún lọ. Tírélà jẹnẹrétọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ mú ẹní yín, ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ẹ mú àgbà kan tó lè sọ̀rọ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín.