Ooru Òkè Àjà Ló Ń Jẹ Owó Iná Yín

Ẹ̀yin ará, ẹ gbójú sókè. Ẹ wo sílìn tó wà lókè orí yín yẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ̀ ń ka èyí, ẹ na ọwọ́ sókè sí i. Ṣó gbóná? Ibẹ̀ ni owó iná yín ń gbà lọ.

Àárín páànù àti sílìn, òkè àjà gan-an, lọ̀rọ̀ wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, páànù tó ti dípẹtà lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yẹn á bọ́ sórí sílìn, sílìn á gbé e lé wa lórí. Ẹ tan fáànù, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló máa fẹ́ sí yín. Ẹ tan AC, kò ní ráyè sinmi, torí bó ṣe ń mú yàrá tutù ni òkè àjà ń da ooru mìíràn sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lọ, láti bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà, ó wà ní bíi ₦209. Ní iye yẹn, AC tó bá ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, tó sì ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láìsinmi, á jẹ ohun tó lé ní ₦1,600. Lóṣù, ó ti lé ní ₦50,000. Yàrá kan péré nìyẹn o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tójú yín ti rí nílé epo látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lọ ra AC tó tóbi ju èyí tẹ́ ẹ ní lọ, ẹ bọ́ síta ná. Ẹ yí ilé yín po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo abẹ́ etí òrùlé. Ṣé àyè wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, àbí wọ́n ti dí i pa?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun, wọ́n ti dí i pa. PVC ni wọ́n fi bò ó yíká, láìsí ihò kankan. Ó dán lójú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ti há ooru mọ́ òkè àjà bí ìgbà tí èèyàn bá de ọmọrí mọ́ ìkòkò lórí iná.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ lọ sókè, kó sì jáde. Kò lè jáde bí kò bá rọ́nà, kò sì lè lọ bí afẹ́fẹ́ tútù kò bá wọlé wá gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà méjì la nílò: ọ̀kan nísàlẹ̀, lábẹ́ etí òrùlé, ọ̀kan lókè, nítòsí ṣóńṣó òrùlé. Bí ẹ bá ṣí ìsàlẹ̀ nìkan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ pe káfíńtà. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Kó gé ihò sábẹ́ etí òrùlé lápá méjèèjì ilé, kó sì ṣí òmíràn sókè lára ògiri ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ ibi tí òrùlé ti pàdé. Kó to pákó tó fì sísàlẹ̀ bo ti òkè, kí àyè wà láàárín wọn, kí òjò má bàa fẹ́ wọlé. Kó kan àwọ̀n onírin mọ́ gbogbo rẹ̀, torí àdán àti eku ò ní pẹ́ dé. Ẹ má gbà kó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe é. Eku á jẹ ẹ́ tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí sílìn yín bá jẹ́ asbestos àtijọ́, ẹ má fi ayùn kàn án, ẹ má sì fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ara pákó tàbí ògiri ni kẹ́ ẹ ti ṣí àyè atẹ́gùn.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mò ń sọ. Koríko àti ewé táwọn bàbá wa fi ń kọ́lé kì í gbé ooru wọlé bíi páànù. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew tí wọ́n jẹ́ ayàwòrán ilé ń yàwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n dá ihò sára ògiri káàkiri kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Àwa la wá ń kọ́lé bíi pé oòrùn ò sí.

Páànù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọ ìpẹtà rẹ̀, kẹ́ ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun tó wà fún páànù. Funfun máa ń dá oòrùn padà. Ìpẹtà ló ń fà á mu. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, kó ní kí wọ́n ta fọ́ìlì sábẹ́ páànù, kí ojú tó ń dán kọjú sísàlẹ̀, sí àyè òkè àjà. Ojú tó ń dán yẹn kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ohunkóhun.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ lọ bá onílé. “Bàbá, ẹ kú ilé. Ooru òkè àjà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká dá owó jọ, ká pe káfíńtà.” Ilé rẹ̀ náà ló máa jàǹfààní, yóò gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò, ẹ mọ ìyá àgbà tó ń dá gbé nítòsí yín. Òun kò lè gun àkàsọ̀. Ẹ bá a wo òkè àjà tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gòkè lọ wò ó fúnra rẹ̀, kó lọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Kó pa iná ilé pátápátá. Kó fi aṣọ bo imú. Orí igi ni kó máa tẹ̀, kì í ṣe orí sílìn, kí ẹnì kan sì di àkàsọ̀ mú nísàlẹ̀. Bó bá rí wáyà tí eku ti jẹ, kó má fọwọ́ kàn án. Kó pe oníṣẹ́ iná.

Sátidé yìí dára fún iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà káfíńtà kan á wà lórí fóònù yín. Ẹ pè é nísinsìnyí, kó tó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn.