Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Fèrèsé

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé yín sọ pé ojú ewé ìkànnì tí a ṣí nínú áàpù kò yàtọ̀ sí èyí tí a ṣí nínú Chrome. Mi ò gbà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2022, olùwádìí kan, Felix Krause, fi hàn pé Instagram àti Facebook lórí iPhone ń ki kóòdù tiwọn bọ inú ojú ewé ẹlòmíràn. Meta, tó ni áàpù méjèèjì, ní kóòdù náà wà kí àwọn lè tẹ̀lé ohun tí oníbàárà bá yàn nípa títọpa rẹ̀. Ta ló wá bi ẹni tó ni ojú ewé? Kí aláṣọ ka àwọn tó yà sí ìsọ̀ rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ẹni tó júwe ọ̀nà fún wọn tún dúró lẹ́yìn fèrèsé, ìyẹn kò tọ́ rárá.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn