Ìwé Ni Àlejò Fi Ń Gbé Ìlú

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gàbọ́n kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan kò sí fún àlejò mọ́. Lára wọn ni ṣọ́ọ̀bù kékeré àdúgbò, àtúnṣe fóònù, àtúnṣe ẹ̀rọ inú ilé àti irun ṣíṣe ní ẹ̀bá títì. Ìjọba Ààrẹ Oligui Nguema fẹ́ fi àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Kétu, Pọ́bẹ̀, Ṣakété àti Àjàṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Libreville àti ní Port-Gentil. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ti kọ́ ilé, ó sì ti rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Irú iṣẹ́ tí ìjọba dárúkọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Kí ni ó yẹ kí ẹni tó ń múra àjò mọ̀ báyìí?

Ẹ̀tọ́ àtiwọlé kì í ṣe ẹ̀tọ́ àtiṣòwò

Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 gba ọmọ ilẹ̀ kan láàyè láti wọ ilẹ̀ mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè lọ sí Èkó, ọmọ Tógò sì lè lọ sí Abidjan. Ṣùgbọ́n Gàbọ́n kò sí nínú CEDEAO. Àdéhùn náà kò dé ibẹ̀.

Nínú CEDEAO pàápàá, àtiwọlé yàtọ̀ sí àtiṣòwò. Òfin ilẹ̀ Gánà ti ọdún 2013 fi ọjà títà kéékèèké nínú ọjà àti iṣẹ́ irun sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Nítorí náà, kí ènìyàn tó béèrè owó ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá òfin ìlú náà gba àlejò láàyè láti ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀.

Ewu méjì tí ó yàtọ̀ síra

Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ọdún 1969. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ti lo ogún ọdún níbẹ̀ láìbéèrè ìwé, torí pé kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè rí.

Ti ọdún 1978 yàtọ̀. Ààrẹ Bongo ti Gàbọ́n àti Ààrẹ Kérékou ti Bẹ̀nẹ̀ ní aáwọ̀ níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Khartoum. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Gàbọ́n fi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ jáde. Aáwọ̀ àwọn olórí kò wo ẹni tó ní ìwé mọ́ ẹni tí kò ní.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni. Ìwé a máa gba àlejò lọ́wọ́ òfin. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá fi pamọ́ sí ilé nìkan ni ó lè gbà á lọ́wọ́ ìjà àwọn aláṣẹ.

Ìwé wo ni?

Ìwé ìbí ni ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìdánimọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ANIP ń fúnni, àti páṣípọ́ọ̀tù. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ara mu nínú gbogbo wọn. Lẹ́tà kan péré tó yàtọ̀ lè dá ènìyàn dúró ní ibodè. Kí ó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání pẹ̀lú.

Bí ó bá dé Gàbọ́n, òǹtẹ̀ ìwọlé inú páṣípọ́ọ̀tù ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá gba ojú omi wọlé ní òru kò ní òǹtẹ̀. Yóò sì ṣòro fún un láti gba ìwé ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní carte de séjour. Ìwé yìí ní owó ìdúró tirẹ̀, tí a ó fi dá àlejò padà sílé bí ó bá di dandan. Ẹni tí yóò gbowó oṣù nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ pẹ̀lú. Kí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé aṣojú Bẹ̀nẹ̀ ní Libreville. Bí wọ́n bá bímọ síbẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní mérì ní kíá, kí ọmọ náà má baà di aláìníwèé.

Owó kan, oríṣi méjì

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Kútọnu, sẹ́fà náà ni wọ́n ń ná ní Libreville. Iye wọn dọ́gba: yúrò kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ́fà 656 ní ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n báńkì àpapọ̀ tó wà ní Dakar ni ó ń gbé tiwa jáde, èyí tó wà ní Yaoundé ni ó ń gbé tiwọn jáde. Wọn kì í gba ti ọ̀kan ní ọjà èkejì. Ẹni tó bá di owó Gàbọ́n sínú àpò wálé yóò wá ẹni tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ, yóò sì pàdánù díẹ̀. Ó sàn kí ó fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù. Èyí tó bá ti dé ilé kò sí lára ohun tí a lè lé e fi sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́, tí ó sì ní nǹkan nílé, lè padà ní ọjọ́ tí ó wù ú. Ẹni tí kò ní méjèèjì, ọjọ́ tí ó wu ẹlòmíràn ni yóò padà.