Ẹ má tí ì fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín nítorí lẹ́tà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tókọ́pì, tí apá yín kò ká owó Windows ojúlówó, tẹ́ ẹ wá gbé Ubuntu sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2004 tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ti gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ṣìṣe rárá bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Àmọ́ ẹjọ́ kan kì í tán lẹ́nu yín: lẹ́tà inú mẹ́nù tóbi bíi ti pátákó ìpolówó, ti inú Firefox mọ níwọ̀n, ti inú LibreOffice kéré débi pé àfi kéèyàn wá dígí.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé, bẹ́ ẹ bá ti pe ẹ̀ńjíníà, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé àfi kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀rọ náà. Ẹ máa sanwó, iṣẹ́ á dúró, fáìlì oníbàárà sì lè bá a lọ. Kí ló fa gbogbo ìyẹn?

Kò sí ọ̀gá kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ ìwọ̀n lẹ́tà lórí Linux. Àwọn ètò kan ń gbọ́ ti GNOME, àwọn mìíràn ń gbọ́ ti KDE, Firefox ní zoom tirẹ̀. DPI, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó wà nínú íńṣì kan, ni wọ́n fi ń ṣírò. 96 ló wọ́pọ̀. Bí ètò kan bá lo 96, lẹ́tà 12 á ga tó àmì 16. Bí òmíràn bá lo 120, á di 20. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ fi ń ṣe mọnítọ̀ tilẹ̀ máa ń purọ́ ìwọ̀n ara wọn fún kọ̀ǹpútà.

Nínú Firefox, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú 0. Ní Settings, ẹ wo Scale níbi Displays. Ẹ tún dé ibi Accessibility, ó ṣeé ṣe kí ọmọ iṣẹ́ yín ti tan Large Text láìmọ̀. Ìyẹn nìkan ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po 1.25. Nínú GNOME Tweaks, ẹ dá Scaling Factor padà sí 1.00. Ẹ jáde, kẹ́ ẹ tún wọlé.

Ti ìwé tó ń jáde nínú printer ló yẹ kó ká yín lára jù. Ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà kò dé orí bébà, lẹ́tà 12 á ṣì jẹ́ 12 níbẹ̀. Fọ́ńtì tí kò sí lórí ẹ̀rọ ló ń da ojú ìwé rú. Oníbàárà á gbé iṣẹ́ tó fi Calibri tẹ̀ wá, Linux kò ní in, á fi òmíràn rọ́pò, ojú ìwé 40 á di 43, nọ́ńbà inú àtẹ àkóónú ò ní bára mu mọ́. Carlito gba ààyè kan náà pẹ̀lú Calibri, Liberation Serif tí Red Hat gbé jáde lọ́dún 2007 sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Times New Roman. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹ rí i pé wọ́n wà lórí ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ tó gba prójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ kankan.