Kí Káńsù Ka Pàǹtí Kí Ó Tó Gbá A

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún ojú ìwé yìí. Ẹ̀sìn tí ó ní kí á ṣe àlùwàlá kí á tó kírun, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sì ka mímú ohun tí ó lè pa ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ àwọn ẹ̀ka ìgbàgbọ́, kò lè sọ pé ìdọ̀tí ìgboro kò kan òun.

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó rí yóò mọ Ọ̀wẹnà, ní ilẹ̀ Ìdànrè. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tí ń pàtẹ lẹ́bàá títì. Nǹkan ayọ̀ ni, nítorí owó ń ti ibẹ̀ wọlé fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, tí èrò ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu, ọ̀rá omi, ike, páálí àti èèpo kò ní ṣàì ṣẹ́kù sílẹ̀. Odò Ọ̀wẹnà sì wà nítòsí, odò tí wọ́n ti sé omi rẹ̀ fún àwọn ará ìlú láti máa mu. Ohun tí àgbàrá bá gbé kúrò lójú títì, odò ni yóò gbé e lọ. Bí ó bá sì há sínú gọ́tà, ilé wa ni omi yóò yà sí. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí ó gbé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Pàǹtí tí wọ́n dà sójú odò wà lára ohun tí ó dínà fún omi náà.

Ta ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀? Òfin kò fi í pamọ́. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìdọ̀tí kíkó sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi ọjà àti garéèjì sí ìkáwọ́ wọn pẹ̀lú. Láyé àwọn baba wa, wolé-wolé ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù, nítorí yóò wo ẹ̀yìnkùlé, yóò sì yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari fi ìmọ́tótó àyíká kún ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ìlú sì ń fi Sátidé kan lóṣù gbálẹ̀. Àwọn tí ó rántí mọ bí ó ti máa ń rí: a ó gbá ojú ilé, a ó họ gọ́tà, a ó kó ohun tí a họ jọ sí etí gọ́tà náà, a ó sì wọlé lọ jẹun. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá dé kí òjò tó rọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò padà sí ibi tí a ti họ ọ́ jáde.

Ohun tí mo rí sí ọ̀rọ̀ náà ni pé à ń gbálẹ̀, a kò ka ohun tí à ń gbá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí káńsẹ́lọ̀ kan bá dìde pé ìgboro dọ̀tí, ẹ bi í léèrè: Ibo ló dọ̀tí jù? Kí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀? Ọjọ́ wo ni ó ń pọ̀? Bí kò bá rí èsì fọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí ó gbé àgbá ìdalẹ̀sí kalẹ̀ sí? Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin àyíká tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990 sọ ọ́ di dandan fún àwọn káńsù láti mú kí ojú ọ̀nà mọ́. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. A ni ibi tí kò sí pàǹtí rárá. B ni ibi tí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ wẹ́wẹ́ ni ó wà. C ni ibi tí ó ti fọ́n káàkiri. D ni ibi tí ó ti di ààtàn tán. Àwọn aṣàyẹ̀wò a máa wọn ìwọ̀n mítà 50 lójú ọ̀nà, wọn a rìn ín já, wọn a sì kọ lẹ́tà tí ó tọ́ sí i sílẹ̀. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí jù ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yára tún ṣe jù. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yìí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá? Okùn ìwọnlẹ̀, ìwé àti gègé ti tó o.

Ohun tí mo fẹ́ kí káńsù Ìdànrè ṣe ní Ọ̀wẹnà kò ju mẹ́ta lọ.

Ìkínní, kí wọ́n yan ibi mẹ́wàá: ọjà, garéèjì, etí afárá, iwájú ilé ìwé, iwájú mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì àti irú wọn. Kí wolé-wolé kan àti ẹnì kan tí Ìyálọ́jà bá yàn jọ wò wọ́n lóṣooṣù, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ọjọ́ tí ọjà kò sí tan ìlú.

Èkejì, kí wọ́n ka irú pàǹtí tí wọ́n bá rí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá omi ni ó pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ń ta omi ni kí àgbá ìdalẹ̀sí wà. Bí ó bá jẹ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, nítorí eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, èyí tí ó bá sì jẹrà yóò di ilẹ̀dú fún oko. Kò yẹ kí á máa sanwó ọkọ̀ láti lọ da ohun tí ẹlòmíràn ń wá nù.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n lẹ lẹ́tà tí ibi kọ̀ọ̀kan gbà mọ́ ara ògiri ọjà, kí tajá tẹran lè rí i.

Àwọn kan yóò ní kò sí owó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn. Káńsù tí a dá irú ẹjọ́ yìí fún kò yẹ kí ó tún máa nawọ́ sí ẹlòmíràn nítorí ìgbálẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìwà àwọn ènìyàn wa ni kò dára, ìtanràn ni ó yẹ wọ́n. N kò kọ ìtanràn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń san owó ọjà, tí kò rí ibi da ilẹ̀ sí, tí a wá mú nítorí pé ó dalẹ̀, a rẹ́ ẹ jẹ ni. Kí káńsù kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n pèsè ibi ìdalẹ̀sí, kí wọ́n máa kó o lásìkò. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó mú arúfin.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ àwa náà. Láyé àtijọ́, ìlú àwọn Mùsùlùmí a máa ní alábòójútó ọjà tí wọ́n ń pè ní mùhútásíbù. Òun ni ó ń wo òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́jà, òun náà ni ó ń rí i pé ìdọ̀tí kò dí ojú pópó. Nítorí náà, pàǹtí kíkà kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, bí a bá ti Yídì dé, bí a bá parí wòlímọ̀, lẹ́tà wo ni ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ yóò gbà? Bí ó bá jẹ́ D, ẹnu wo ni a ó fi bá káńsù wí? Mo bẹ àwọn Lèmọ́mù wa kí wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì ní mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan tí yóò máa wo iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, kí wọ́n sì mú ìwé náà tọ káńsù lọ. Ẹni tí ó bá ti gbá iwájú tirẹ̀ mọ́ ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn aṣáájú wa ní ojú tí yóò rí ìdọ̀tí, kí Ó sì fún wa ní ọwọ́ tí yóò kó o kúrò. Àmín.